Ààtàn ẹ̀yìn ọgbà ẹranko: bí a ṣe kọ́ ọ, àti ohun tí a ń kó sí i

Ọgbà ẹranko tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn kò tóbi. Ẹṣin wà níbẹ̀, ràkúnmí wà, ẹtu, àgbọ̀nrín, ògòǹgò, ìjàpá, ọ̀kín, oríṣiríṣi ọ̀bọ, ọ̀ọ̀nì, ìkookò àti kìnnìún. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbá ibùgbé wọn, ohun tí wọ́n sì ń gbá jáde pọ̀ ju èyí tí ojú àlejò ń rí lọ: ìgbẹ́, koríko àjẹkù, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo ẹ̀gẹ́, pọ̀ọ̀pó àgbàdo, ìyẹ́, ewé igi. Ti àwọn tó wá wòran ṣì wà lọ́tọ̀. Kòtò kan lẹ́yìn ọgbà ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. Bó bá kún, wọ́n á tiná bọ̀ ọ́. Èéfín ọ̀rá àti èéfín ìgbẹ́ tútù á wá máa fẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ ẹyẹ ni èéfín tètè ń ṣe ní jàǹbá jù, nítorí pé lẹ́yìn ẹ̀dọ̀fóró, àpò afẹ́fẹ́ tún wà káàkiri inú ara wọn tí ohun tí wọ́n bá mí símú ń gbà kọjá.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí a dí kòtò yẹn pa. Kí ohun tó lè jẹrà di ajílẹ̀ fún oko koríko tí ọgbà náà ní, kí ohun tí kò lè jẹrà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó lè lò ó. Àkọsílẹ̀ bí a ṣe ṣe é nìyí. Ọ̀rọ̀ á gùn lórí ìyàsọ́tọ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà. Ẹni tó bá ti ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀ dáadáa láti ẹnu ọ̀nà ẹran kọ̀ọ̀kan, èyí tó kù fún un kò le.

Ìgbẹ́ tí a ń kó, èyí tí a kì í kó

Ẹran tí ewé, koríko àti ọkà jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ ni a ń kó tirẹ̀ sí ààtàn: ẹṣin, ràkúnmí, ẹtu, àgbọ̀nrín, ìjàpá, ògòǹgò, ọ̀kín. Ti kìnnìún àti ti ìkookò kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ti ọ̀bọ náà kò gbọdọ̀ débẹ̀.

Àìsàn ló fà á. Inú ìfun ẹbí ológbò, láti orí ológbò inú ilé dé orí kìnnìún, ni kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Toxoplasma ti ń pọ̀ sí i, tí ẹyin rẹ̀ sì ń bá ìgbẹ́ jáde. Ẹyin náà lè wà nínú ilẹ̀ tútù ju ọdún kan lọ kó má kú. Bó bá ran aboyún, ó lè ba ọmọ inú rẹ̀ jẹ́. Ní ti ọ̀bọ, ara wọn àti ara tiwa sún mọ́ra débi pé ọ̀pọ̀ àìsàn tó ń mú wọn lè mú àwa náà, pàápàá àwọn tó ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Mo mọ̀ pé ooru ààtàn ń pa púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ooru náà kì í dọ́gba. Àárín òkìtì lè gbóná bó ṣe yẹ, kí etí rẹ̀ má sì gbóná rárá. Ní Seattle, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọgbà ẹranko Woodland Park Zoo ti ń ṣe irú ajílẹ̀ yìí láti ọ̀pọ̀ ọdún, Zoo Doo ni wọ́n ń pè é, àwọn tó ní ọgbà ewébẹ̀ sì ń wá a rà. Ìgbẹ́ ẹran ajewéko ni àwọn náà ń lò, wọn kì í fi ti ọ̀bọ sí i. Ọgbà tí ohun èlò tirẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ ń yẹra fún un. Èmi kò rí ìdí tí tiwa á fi yàtọ̀.

Kòtò jíjìn ni a gbẹ́ fún ti kìnnìún, ti ìkookò àti ti ọ̀bọ, níbi tó jìnnà sí kànga tí omi òjò kì í ṣàn gbà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. A kì í gbin ohun jíjẹ síbẹ̀.

Àwọ̀ ni a fi ya garawa sọ́tọ̀: ewéko fún èyí tó ń lọ sí ààtàn, pupa fún èyí tó ń lọ sí kòtò. Ìyá kan tó ń gbálẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀bọ ló wá rí ohun tí èmi kò rò dé. Wọ́n ní, “Garawa nìkan kọ́, ọmọ mi. Ṣọ́bìrì ńkọ́? Àwọn ọmọ yìí á fi ti ọ̀dọ̀ kìnnìún kó ti ẹṣin bí ọwọ́ wọn bá ti kán.” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn náà ló dá a lábàá pé kí a fi ṣéènì so ṣọ́bìrì kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, kó má lè kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Nínú gbogbo owó tí a ná lórí iṣẹ́ yìí, owó ṣéènì yẹn ni mo rò pé ó ṣiṣẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ oògùn aràn náà wà níbẹ̀. Bí dókítà ẹranko bá fún ẹṣin tàbí àgbọ̀nrín ní ivermectin, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde láìtíì bàjẹ́, ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ pàápàá, ó sì ń pa àwọn kòkòrò ilẹ̀ tó yẹ kó bá wa jẹ ìgbẹ́ náà. Nítorí náà dókítà ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ tó fún ẹran lóògùn sára pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Títí wọn yóò fi pa á rẹ́, garawa pupa ni ìgbẹ́ ẹran yẹn ń lọ.

Kíkọ́ rẹ̀

Atẹ́gùn tó ń ti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn wá ló ń fẹ́ lórí wa lọ́pọ̀ oṣù nínú ọdún, nítorí náà ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ọgbà ni a kọ́ ọ sí, kí òórùn má baà máa fẹ́ lu àlejò. Atẹ́gùn ọyẹ́ a máa gba ọ̀nà kejì wá, ṣùgbọ́n nígbà náà ohun gbogbo ti gbẹ, kì í rùn tó bẹ́ẹ̀.

Yàrá mẹ́ta ló ní, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn. Ẹsẹ̀ bàtà 5 ni ìbú, 5 ni gígùn, 4 ni gíga. Òkìtì tí kò bá tó nǹkan bíi mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga kì í lè mú ooru dúró. Èyí tó bá sì ga jù á fi ìwúwo ara rẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọ̀ ọ́. A da kọnkéré sílẹ̀, ó dà gẹ̀rẹ́ sẹ́yìn lọ sí gọ́tà kékeré, gọ́tà náà sì ń da omi rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù tí a rì mọ́lẹ̀. Omi dúdú tó ń jò sínú dúrọ́ọ̀mù yẹn kò gbọdọ̀ wọ odò. Orí òkìtì ni a ń bù ú padà sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oúnjẹ ló kún inú rẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù inṣi mẹ́fà la fi mọ ògiri, a sì fi àlàfo sáàárín búlọ́ọ̀kù kan àti èkejì. Ọ̀gá bíríkìlà wò ó, wọ́n ní, “Ṣé kí n wá fi sìmẹ́ńtì dí ihò wọ̀nyí tí mo bá ń rẹ́ ẹ ni?” Mo ní, “Rárá, ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa wà nínú ẹ̀ ń mí.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é bí mo ṣe fẹ́. Iwájú kò ní ògiri: pákó là ń tì bọ inú ihò tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí òkìtì bá ṣe ń ga là ń fi pákó kún un, bí a bá fẹ́ yí i a ó yọ gbogbo rẹ̀. Páànù la fi bò ó lórí, ó yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà méjì yí ká.

Bí a ṣe ń tò ó

Pọ̀ọ̀pó àgbàdo àti imọ̀ ọ̀pẹ tí a gé wẹ́wẹ́ ló ń wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà la ó máa da ìgbẹ́ àti ohun gbígbẹ lé ara wọn: ìgbẹ́ garawa kan, ewé gbígbẹ garawa méjì, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ sáàárín, kì í ṣe sórí, nítorí eṣinṣin.

Ìṣirò wà lẹ́yìn èyí. Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ òkìtì nílò kábọ́ọ̀nù fún agbára àti naitirójìn fún ara wọn. Níbi tí kábọ́ọ̀nù bá ti tó 25 sí 30 sí naitirójìn 1, wọ́n ń yára ṣiṣẹ́. Ìgbẹ́ adìyẹ kò ju nǹkan bíi 10 lọ. Ìyẹ̀fun pákó kọjá 200. Ìgbẹ́ ẹṣin tó ní koríko ìtẹ́lẹ̀ nínú sún mọ́ 30 fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í pẹ́ gbóná. Bàbá tó ń tọ́jú ẹṣin mọ èyí kí n tó dé ibẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé, “Bí mo bá kó o jọ nírọ̀lẹ́ ọyẹ́, tó bá di òwúrọ̀ wàá rí i tó ń yọ ooru.” Mo ní, “Ooru yẹn gan-an la fẹ́ lò, Bàbá.” Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di olórí ààtàn, kò sì sí ẹni tó ń da nǹkan kan sí i láìbi wọ́n.

Ìyẹ̀fun pákó kò wọ́n wa, Bódìjà ò jìnnà, àwọn tó ń la pákó níbẹ̀ sì fẹ́ kí ènìyàn bá wọn kó o lọ. Ìwọ̀nba là ń lò nítorí 200 yẹn. A sì ń béèrè kí a tó kó o: èyí tó bá ti ara pákó tí wọ́n fi oògùn ikán sí wá, a kì í gbà á.

Ìgbẹ́ ẹtu wà ní kóróbójó, ó le, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. A ń rẹ ẹ́ sínú omi dúrọ́ọ̀mù mọ́jú. Ti ìjàpá kéré, ṣùgbọ́n kòkòrò Salmonella wọ́pọ̀ lára ẹran afàyàfà, nítorí náà ẹni tó bá kó o gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé.

Ní ti omi, ọwọ́ ni òṣùwọ̀n. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti àárín òkìtì, fún un. Bó bá dì mọ́ra tí omi bíi ẹ̀kán kan tàbí méjì yọ sáàárín ìka, ó tó. Bó bá ń ṣàn, ó pọ̀ jù. Bó bá tú ká, bomi rin ín.

Ooru

A ra tẹmómítà tó ní ọ̀pá gígùn tí a lè tì bọ àárín òkìtì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí yàrá kìíní kún, ó ti kọjá 60°C. Ibi tí a fẹ́ kó máa wà ni láti 55°C dé 65°C; bó bá kọjá 70°C, àwọn kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́ fún wa gan-an á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, a ó sì yí i kó lè tutù díẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà tó de àwọn tó ń sọ ìgbẹ́ omi ìdọ̀tí ìlú di ajílẹ̀ ní kí òkìtì tí wọ́n ń yí wà ní 55°C ó kéré tán fún ọjọ́ 15, kí wọ́n sì yí i ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín ìgbà náà. Òfin yẹn kò dè wá, ṣùgbọ́n òun ni mo fi ṣe òdiwọ̀n, nítorí ohun tó ń pa àìsàn níbẹ̀ ló ń pa á níbí. Bí a bá ń yí i, etí la ń gbé sí àárín, àárín la ń gbé sí etí, kí gbogbo rẹ̀ lè kọjá nínú ooru. Ooru yìí kan náà ló ń pa èso koríko. Oúnjẹ kì í dà tán nínú ẹṣin, èso koríko gínì ń gba inú rẹ̀ kọjá láàyè, ẹni tó bá gbé ìgbẹ́ ẹṣin tútù lọ sí oko, koríko ló gbìn.

Ewé gbígbẹ

Kò sí ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nínú iṣẹ́ yìí tó ewé gbígbẹ.

Láti Oṣù Kejìlá dé Oṣù Kejì, igi tíìkì tó yí ọgbà ká ń wọ́ ewé débi pé o ò ní rí ilẹ̀. Àsìkò yẹn ìgbẹ́ ẹran gbẹ, a kò nílò ewé púpọ̀. Ó di Oṣù Kẹrin, òjò dé, koríko tútù gba oko, ẹran ń jẹ tútù, ó ń yà á rọ̀, ewé ilẹ̀ sì ti tutù rinrin. Ìgbà tí a nílò ohun gbígbẹ jù lọ ni kì í sí. Ṣé ẹ wá rí ohun tí wọ́n ń ṣe sí ewé ọyẹ́ tẹ́lẹ̀? Iná ni. Wọ́n á gbá a jọ, wọ́n á ṣáná sí i, ó parí. Mo bá àwọn ọmọkùnrin tó ń gbálẹ̀ sọ̀rọ̀, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí ẹ sun lónìí, a ó wá a tì lójò.” Báyìí, àpò ìrẹsì ni wọ́n ń rọ ọ́ sí. Ewé tíìkì gbòòrò, bí omi bá kàn án, pẹlẹbẹ ló ń lẹ̀ mọ́ra, kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Nítorí náà oòrùn la ń jẹ́ kó pa á, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á rún wẹ́wẹ́, a ó tó rọ ọ́ sí àpò.

Òjò Oṣù Keje fi ìdí rẹ̀ hàn. Atẹ́gùn ṣí etí páànù kan lóru, omi ya wọ yàrá kejì. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti ń rùn bí ẹyin tó bu, ooru rẹ̀ já wálẹ̀. Òórùn yẹn ń sọ pé afẹ́fẹ́ ti tán nínú rẹ̀. (Bó bá jẹ́ pé ó ń ta sí imú bí ìtọ̀ ni, amóníà nìyẹn, naitirójìn ló pọ̀ jù.) A kó gbogbo rẹ̀ síta, a tẹ́ pọ̀ọ̀pó tuntun, a tú àpò ewé ọyẹ́ sí i, a tún un tò. Ooru padà. Láìsí àpò wọ̀nyẹn, kòtò la ò bá tún kó o dà sí.

Ti àwọn tó wá wòran

Ọjọ́ ọdún Iléyá, Kérésì, àti 27 Oṣù Karùn-ún tí í ṣe ọjọ́ àwọn ọmọdé, èrò ń kún ọgbà. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ìke ohun mímu, ọ̀rá gúgúrú, ọ̀rá ẹ̀pà, agolo, abọ́ fóòmù. Ẹran kò mọ ohun tí ọ̀rá jẹ́. Òórùn iyọ̀ àti oúnjẹ tó wà lára rẹ̀ ló mọ̀. Nínú àgbọ̀nrín 14 tó kú láàárín oṣù mélòó kan ní ìlú Nara, ní Japan, ní 2019, wọ́n bá ọ̀rá nínú ikùn 9. Èyí tó wà nínú ọ̀kan nínú wọn tó kílò 4.3. Ọ̀rá kì í dà nínú àpòlúkù ẹran, kì í sì í tètè bá ìgbẹ́ jáde; ńṣe ló ń wé mọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀ títí oúnjẹ ò fi ní ráyè kọjá. Ẹran náà á máa rù nígbà tí inú rẹ̀ kún. Mo ti ka ìròyìn Nara yìí fún àwọn olùkọ́ tó ń kó ọmọ wá, ojú wọn sì máa ń yí padà.

Nítorí náà dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí kò sí lẹ́bàá àgọ́ ẹran mọ́, ẹnu ọ̀nà àti ìdí ìjókòó ni a gbé wọn sí. Mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tò: ti ìke, ti ọ̀rá omi, ti oúnjẹ àti ewé. Àwòrán la yà sí wọn lára kí ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà lè mọ̀ ọ́n. Ìke àti agolo ní olùrà, wọ́n ń wá wọ̀n ọ́n ní kílò. Wọ́n ń gba ọ̀rá omi náà bó bá mọ́ tó sì gbẹ. Abọ́ fóòmù la kò rí ẹni gbà, èyí ló sì mú wa lọ bá àwọn ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá ewé padà. Ìyá ẹlẹ́pà gbà láti máa fi bébà wé e. Ìyá onímọ́ínmọ́ín sọ pé ewé ni òun mọ̀ kí ọ̀rá tó dé, àlejò pàápàá sọ pé eléwé dùn jù. Ewé eéran tó bá tinú mọ́ínmọ́ín jáde ń lọ tààrà sí ààtàn, ó sì ń jẹrà kíá.

Ajílẹ̀

Láti yàrá kẹta la ti ń jẹ́ kó gbó. Bó bá ti gbó, bí o tilẹ̀ yí i kì í gbóná mọ́, òórùn ilẹ̀ òjò ló ń rùn, o kò ní mọ èwo ni ìgbẹ́ èwo ni ewé. A ń fi asẹ́ onírin sẹ́ ẹ, igi àti pọ̀ọ̀pó tó bá kù ń padà sí yàrá kìíní. Kí a tó gbé e lọ sí oko, a ń gbin irúgbìn tẹ̀tẹ̀ sínú agolo rẹ̀ kan. Tẹ̀tẹ̀ kì í pẹ́ hù. Bó bá hù dáadáa tí ewé rẹ̀ kò pọ́n, ajílẹ̀ ti tó lò. Bó bá rọ, ó kù díẹ̀.

Oko èèsún àti koríko gínì ló kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ ẹṣin àti ràkúnmí ti ń wá. Ẹbẹ̀ tẹ̀tẹ̀ àwọn ìjàpá ló tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà wa mọ̀ pé ibi tí ààtàn bá ti wà rí, ohun tí a bá gbìn síbẹ̀ kì í ṣe bíi tibòmíràn. Ìbàdàn náà ò sì ṣàjèjì sí iṣẹ́ yìí: Ọ̀jọ̀gbọ́n M. K. C. Sridhar ti Yunifásítì Ìbàdàn ti pẹ́ nídìí sísọ ìdọ̀tí ọjà di ajílẹ̀ nílùú yìí.

Àwọn kan ti bi mí pé kí ló dé tí a kò fi ìgbẹ́ náà ṣe gáàsì. Ọgbà ẹranko Detroit, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 2017, kí gáàsì tó ń tinú ìgbẹ́ àti àjẹkù oúnjẹ jáde lè pèsè iná fún ilé ìwòsàn ẹranko wọn. Ó wù mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gáàsì ń fẹ́ omi púpọ̀, ó ń fẹ́ àgbá tí kò jò, ó sì ń fẹ́ kí wọ́n máa bọ́ ọ lójoojúmọ́ láìdánudúró. Kí a ṣe èyí tí ọwọ́ wa ká ná.

Èyí tó kàn báyìí ni ilé ewé, níbi tí a ó máa kó àpò ewé ọyẹ́ sí. Káfíńtà ti wọn ibẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, 8 ní ìbú, ilẹ̀ rẹ̀ yóò wà lórí búlọ́ọ̀kù kí ikán má baà rí ọ̀nà gun àpò, iwájú rẹ̀ yóò sì kọjú sí yàrá kìíní kí bárò má máa rìn jìnnà. Páànù ti wà nílẹ̀. Pákó la ń wá, a sì fẹ́ kó dúró kí Oṣù Kọkànlá tó parí, kí tíìkì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́wé.